Àyè Tí Kò Gbọdọ̀ Ṣófo

“Ta ló kọ títáníọ̀mù síbí?”

Dókítà Adébọ̀wálé ló bi wá bẹ́ẹ̀. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ́kọ́ọ̀dù, ó na bébà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ jáde láti inú kọ̀ǹpútà sí wa. Kò bínú o, inú rẹ̀ ń dùn ni. Mọ́mì Olúfúnmi, ọ̀gá wa, ń fi èèpo fáìlì fẹ́ ara wọn, wọ́n yíjú sí mi. Rùfáì, awakọ̀ áńbúláǹsì, tó wá bu omi mu lọ́dọ̀ wa, tẹjú mọ́ ìdí ife rẹ̀. Èmi ń wo kọ̀ǹpútà bí ẹni pé òun ni wọ́n bi.

“Ẹni yòówù kó jẹ́, iṣẹ́ ńlá ló ṣe,” ni dókítà wí. “Fáìlì ọdún mọ́kànlá, tí ikán ti jẹ, kí ẹnìkan ṣì wá irú irin tó wà nínú orí obìnrin yẹn rí! Kí ẹni náà wá fọwọ́ sí i fún mi kí Rùfáì tó gbé obìnrin náà lọ sí Ìbàdàn lọ́sàn-án yìí. Àwọn tó ni ẹ̀rọ MRI tó ń ya àwòrán inú orí ò ní gbà á láìsí ìfọwọ́sí.”

“Bí kì í bá ṣe títáníọ̀mù ńkọ́, Dókítà?” Mọ́mì Olúfúnmi ló béèrè.

“Mọ́mì, mágínẹ́ẹ̀tì ńlá lẹ̀rọ yẹn. Mágínẹ́ẹ̀tì kì í fa títáníọ̀mù. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ irú irin tó máa ń fà ni, bí wọ́n bá ṣe ń tì í wọlé báyìí, irin yẹn á yí nínú orí rẹ̀, iṣan tí wọ́n fi irin náà dè á sì ya. Kò ní jáde láàyè.”

“Astagfirullah,” ni Rùfáì wí, ó gbé ife sílẹ̀.

“Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń fún aláìsàn ní káàdì kó máa mú rìn. Àmì tó wà lára rẹ̀, ọmọdé lè mọ̀ ọ́n. Lẹ́tà M àti R ni. Bí wọ́n bá kọ ọ́ sínú igun mẹ́rin aláwọ̀ ewé, kò séwu. Bó bá jẹ́ inú òbìrí pupa tí ìlà dábùú rẹ̀, ẹ má gbé onítọ̀hún súnmọ́ ẹ̀rọ náà láéláé. Àmọ́, ẹ wò ó, a ò nílò káàdì mọ́. Kọ̀ǹpútà ti gbà wá.”

Ó lọ. Ìró bàtà rẹ̀ ò tíì tán lójú ọ̀nà tí Mọ́mì fi kọjú sí mi.

“Qowiyyu, ìwọ lo tẹ gbogbo fáìlì wọ̀nyí. Wọ́n ń yìn ọ́, o dákẹ́ bí ẹni tó jí ẹran nínú ìkòkò.”

“Ojú ló ń tì mí, mà.”

“Akàwé-gboyè, ojú ń tì í!” Rùfáì bú sẹ́rìn-ín. “Lọ́jọ́ tó nà mí nínú ayò lójú àwọn nọ́ọ̀sì, ojú ò tì í nígbà yẹn.”

Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Ẹ̀rín náà korò lẹ́nu mi bí ewúro.

Ará ìlú Awa ni mí. Ìṣirò ni mo kà ní yunifásítì Àgọ́-Ìwòyè, ara mi kì í sì í balẹ̀ bí n kò bá rí nǹkan tó díjú láti tú. Bí n kò bá ta ayò, mo ń kún àpótí nọ́ńbà inú ìwé ìròyìn. Nígbà tí ilé ìwòsàn yìí, ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ń wá ẹni tí yóò kó àwọn fáìlì àtijọ́ sínú kọ̀ǹpútà, àwọn ẹgbẹ́ mi ní iṣẹ́ akọ̀wé kò yẹ mí. Àmọ́ nígbà tí mo rí iyàrá tí wọ́n kó fáìlì sí, inú mi dùn. Ikán ti jẹ ìdajì wọn. Àwọn kan ò lórí, àwọn kan ò nídìí. Fáìlì apẹja kan wà tó ti Ìwópin wá, orúkọ rẹ̀ ti di erùpẹ̀ pátápátá. Ọjọ́ tí wọ́n gba abẹ́rẹ́ fún àwọn ọmọ rẹ̀ ni mo fi tọ ipasẹ̀ rẹ̀ títí mo fi rí i. Mọ́mì Olúfúnmi pe gbogbo àwọn nọ́ọ̀sì wá wò mí lọ́jọ́ yẹn bí ẹni ń wo ẹran àjèjì.

Lókè tábìlì mi, lára ògiri, kàlẹ́ńdà ọdún 2015 kan wà tó ti ń ya létí, ọ̀kan nínú èyí tí àwọn ìdílé máa ń tẹ̀ jáde pín fún ènìyàn nígbà tí ènìyàn wọn bá rí ìwòsàn. Mọ́mì ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ ọ́. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nítorí àwọn nọ́ńbà rẹ̀. Bí mo bá ń dúró de kọ̀ǹpútà kó tan, mo máa ń fi ojú gé ọjọ́ mẹ́sàn-án tó para pọ̀ ní igun mẹ́rin, mà á ro wọ́n pọ̀, mà á sì rí i pé ti àárín lọ́nà mẹ́sàn-án náà ni. Kì í yẹ̀. Ó máa ń dùn mọ́ mi pé kì í yẹ̀.

Fáìlì Àlàájà Abibat dé ọwọ́ mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ooru mú. Pákó ni wọ́n ń tà. Ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, iṣan ẹ̀jẹ̀ kan nínú ọpọlọ wọn wú síta bíi rọ́bà kẹ̀kẹ́ tó rẹ̀ níbì kan. Àwọn oníṣẹ́ abẹ kan tó wá láti òkè òkun, tí wọ́n gba yàrá iṣẹ́ abẹ wa lò fún ìgbà díẹ̀, la orí wọn, wọ́n fi irin tín-ń-tín kan há ọrùn ibi tó wú náà, bí a ṣe ń fi pẹ́ẹ̀gì há aṣọ lórí okùn. Irin náà wà níbẹ̀ títí di òní. Gbogbo èyí ni ikán fi sílẹ̀ fún mi. Ibi tó yẹ kí wọ́n kọ irú irin náà sí ti di ihò.

Mo fi àyè náà sílẹ̀ lófìfo nínú kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà kọ̀. Ó fi pupa kọ ọ́ pé àyè yìí kò gbọdọ̀ ṣófo. Mo wá “a kò mọ̀” nínú ohun tí mo lè mú, kò sí níbẹ̀. Bí n kò bá kún un, gbogbo ohun tí mo ti tẹ̀ nínú fáìlì náà máa nù. Mo gbé fáìlì àwọn mìíràn tí àwọn oníṣẹ́ abẹ yẹn ṣiṣẹ́ fún yẹ̀ wò. Gbogbo èyí tí ikán ò tíì dé ibẹ̀, títáníọ̀mù ni wọ́n kọ sí i. Nínú àpótí nọ́ńbà, ohun tó bá wà lọ́tùn-ún tó tún wà lósì ló ń sọ ohun tó wà láàárín fún ọ. Mo tẹ títáníọ̀mù. Kọ̀ǹpútà gbà á, pupa náà sì di àwọ̀ ewé. Mo tilẹ̀ súfèé.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn bí mo ṣe jókòó síbẹ̀ lẹ́yìn tí Dókítà lọ nìyẹn, pé mo súfèé.

Mo dìde, mo ní mo fẹ́ tún fáìlì náà wò kí n tó fọwọ́ sí i. “O ṣe dáadáa,” ni Mọ́mì wí. “Ẹni tó bá ń yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì kì í jẹ̀bi.” Mo wọ iyàrá fáìlì lọ. Mo gbọn fáìlì náà, erùpẹ̀ ikán dà sórí bàtà mi. Kò sí nǹkan míì nínú rẹ̀.

Nígbà náà ni mo lọ sí wọ́ọ̀dù.

Àlàájà Abibat wà lórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ìpéǹpéjú kan ti wó sílẹ̀ bo ẹyinjú wọn. Láti àná ni orí ti ń fọ́ wọn, tí wọ́n ń bì. Dókítà ń fòyà pé ibòmíì ti tún ń wú nínú orí náà. Hidayah, ọmọ wọn obìnrin, jókòó sórí ẹní, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo kí wọn, mo dọ̀bálẹ̀. Àlàájà fi ojú kan tó kù wò mí.

“Ṣé ìwọ lọmọ Awa tó ń kọ̀wé?” Ohùn wọn tẹ́ẹ́rẹ́. “Wọ́n ní fáìlì mi ti sọnù, ìwọ lo wá mi rí. Ibikíbi tí wọ́n bá ti sọ ìwọ náà nù, Ọlọ́run á wá ọ rí.”

“Àmín, mà,” ni mo wí.

Mo bi Hidayah nípa káàdì. Ó ronú díẹ̀. “Káàdì kan wà, òótọ́ ni. Àwọn òyìnbó yẹn fún Mọ́mì. Ṣé ó pọn dandan ni?”

“Mo fẹ́ fi gbe ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà lẹ́sẹ̀ ni, Àǹtí.”

“Ó ti yá. Àbúrò mi, ìwọ mà mọ iṣẹ́ o.”

Ọ̀kadà kan gbé àwa méjèèjì lọ sí Ojowo, àdúgbò wọn. Mo fún àpò mi mọ́ra, òógùn ń ṣàn lọ́rùn mi. Ọlọ́kadà wojú mi nínú dígí. “Àǹtí, àbúrò yín yìí ń làágùn bí ẹni tó fẹ́ lọ tọrọ ìyàwó.”

“Iṣẹ́ ló pọ̀ lọ́rùn rẹ̀,” ni Hidayah dáhùn. “Àwọn ló ń gba ẹ̀mí là níbẹ̀ yẹn. Ìwọ ṣáà wo iwájú rẹ.”

Pákó tútù ni ilé wọn ń rùn láti ìta. Hidayah fa àpótí jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá rẹ̀, ó tú nàìlọ́ǹ lẹ́yìn nàìlọ́ǹ. Ìwé ilẹ̀. Rìsíìtì pákó. Àwòrán ìkómọjáde. Ó ń gbé wọn fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan, èmi náà ń yẹ̀ wọ́n wò bí ẹni pé mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Nígbà tó yá, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

“Mo ti rántí. Inú báàgì kékeré tí Mọ́mì so mọ́ ìbàdí lọ sí Mẹ́kà ló wà. Báàgì yẹn sọnù ní Mínà lẹ́bàá Mẹ́kà. Owó inú rẹ̀ nìkan la sunkún sí.”

“Ṣé àmì wà lára rẹ̀? Lẹ́tà M àti R? Àwọ̀ ewé ni àbí pupa?”

“Ó ti pẹ́ jù, àbúrò mi. Mi ò rántí.”

“Kò sí ẹ̀dà? Kò sí àwòrán ìgbà yẹn rárá?”

“Nígbà tí Mọ́mì ń bọ̀ láti Mẹ́kà, a kun gbogbo ilé. Ohun tó wà lára ògiri pátá, àwọn akunlé tú u sọnù. Wò ó, ògiri mọ́ tónítóní.” Ó bọ́ sí ilé ìdáná, ó gbé gàrí àti omi tútù wá fún mi. “Mu ún. O ò tíì jẹun láti àárọ̀, ojú rẹ sọ bẹ́ẹ̀. Gàrí wa ni, ó kan dáadáa.”

Mo mu gàrí náà. N kò mọ bí mo ṣe lè kọ̀ ọ́. Àwọn ọmọ ilé ń ṣeré lórí lẹ́búlẹ́bú pákó níta, Hidayah sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ìyá òun.

Nígbà tí a ń padà bọ̀, mo ń ṣe ìṣirò lórí ọ̀kadà. Bí gbogbo àwọn yòókù bá jẹ́ títáníọ̀mù, ó ṣeé ṣe gan-an kí tiwọn náà jẹ́ títáníọ̀mù. Bí mo bá fọwọ́ sí i, ó ṣeé ṣe gan-an kí n jàre. Wọ́n á ya àwòrán orí náà, wọ́n á rí ibi tó wú, wọ́n á tún un ṣe, kò sì ní sẹ́ni tó máa mọ̀ láéláé. Mo yí ìṣirò náà síwá sẹ́yìn, ó ń dára sí i lójú mi. Hidayah wà níwájú mi lórí ọ̀kadà. Atẹ́gùn ń fẹ́ híjáàbù rẹ̀ kàn mí lójú, ó sì ń fọwọ́ fà á padà, ó ń sọ pé, “Má bínú, àbúrò mi, má bínú.”

Wọ́n ti gbé Àlàájà sórí bẹ́ẹ̀dì onítáyà nígbà tí a dé. Rùfáì ti ṣílẹ̀kùn áńbúláǹsì. Dókítà Adébọ̀wálé dúró tì í, bébà yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, bírò lọ́wọ́ kejì.

“Qowiyyu! Wọ́n ní ìwọ ni. Fọwọ́ sí i níbí, kí wọ́n máa lọ.”

Mo gba bírò. Mo gba bébà. Mo rí àyè tí wọ́n ní kí n fọwọ́ sí, òfìfo ni. Ó jọ èyí tí mo ti kún rí.

“Mi ò mọ̀ ọ́n, sà,” ni mo wí.

“O ò mọ kí ni?”

“Irú irin náà. Ikán ti jẹ ibẹ̀. Kọ̀ǹpútà ò jẹ́ kí n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, mo bá wo ti àwọn yòókù, mo méfò. Èmi ni mo kọ ọ́. Nígbà tí ẹ béèrè láàárọ̀, mo gbọ́, mo dákẹ́.”

Dókítà ò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. Ó gba bírò rẹ̀ lọ́wọ́ mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó dé e. “Rùfáì, pa ọkọ̀.”

“Àbúrò mi.” Hidayah ni. “Nígbà tí o jókòó sílé wa, tí o ń mu gàrí, o ti mọ̀?”

“Mo ti mọ̀, mà.”

Ó wò mí. Ó yípadà, ó fa aṣọ bo ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ tó wà níta. Àlàájà sùn, wọn ò gbọ́ nǹkan kan, àdúrà tí wọ́n ṣe fún mi ṣì wà lọ́rùn mi.

Dókítà mú mi lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. “Tẹ́tí kí o mọ ohun tó kù. Bí a ò bá lè lo MRI, ọ̀nà kejì ni ká ti itan rẹ̀ ki ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ wọ inú iṣan ẹ̀jẹ̀, ká fi oògùn aláwọ̀ kún un, ká fi ẹ̀rọ míì wò ó. Kíndìnrín obìnrin yìí ò lágbára. Oògùn yẹn lè pa á run. Bí títáníọ̀mù bá sì ni lóòótọ́, a ó ti ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́ lásán nítorí pé a ò mọ̀. Bí kì í bá sì í ṣe òun…” Kò parí rẹ̀. “A gbọ́dọ̀ yan ọ̀kan lónìí, ojú wa sì fọ́. Lọ jókòó. Má fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà.”

Mo padà sí yàrá rẹ́kọ́ọ̀dù, mo jókòó, mo fi ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan. Ìròyìn ti ṣíwájú mi dé. Mọ́mì Olúfúnmi ò fi èèpo fáìlì fẹ́ ara wọn mọ́. Wọn ò wò mí. Wọ́n ń wo òkè orí mi, wọ́n mi orí.

“Abibat,” ni wọ́n wí, “a ò ṣe ọ́ dáadáa o. Pẹ̀lú bí o ṣe rẹ́rìn-ín kúrò níbí.”

Mo rò pé Àlàájà ti wọlé. Mo bojú wẹ̀yìn, ẹnu ọ̀nà ṣófo. “Ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀, Mọ́mì?”

“Ta ló wà lókè orí rẹ láti ọjọ́ tí o ti dé ibí?”

Mo dìde, mo yíjú sí ògiri. Kàlẹ́ńdà 2015. Mo mọ gbogbo ọjọ́ inú rẹ̀, mo mọ ibi tí oṣù kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò tẹjú mọ́ ohun tó wà lókè àwọn nọ́ńbà náà rí. Lókè wọn ni àwòrán wà. Ìdílé kan dúró níwájú géètì wa, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó jọ Hidayah wà láàárín wọn. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sísàlẹ̀ rẹ̀ pé kí a bá wọn dúpẹ́, Abibat padà sílé láàyè. Obìnrin náà jókòó lórí àga, báńdéèjì funfun lórí, ó sì ń rẹ́rìn-ín sí ẹni tó ń yà á. Ó na ọwọ́ ọ̀tún síwájú, ó gbé nǹkan kan sókè bí ọmọ ilé ìwé tó gba ẹ̀bùn.

Mo gun orí àga. Káàdì ni. Àmì kan wà ní igun rẹ̀ tí mo ti máa ń rí fìrí láti ìsàlẹ̀, tí mo rò pé àmì ojú pópó kan lásán ni.

M àti R. Òbìrí pupa. Ìlà kan dábùú rẹ̀.